Sí Bàbá Andrew Robinson, lórí ohun tá à ń sọ nípa ìwé Garak

Bàbá Robinson,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ ò mọ̀ mí, òǹkàwé yín kan ṣáá ni mí, mo kàn rò ó pé ìwé tẹ́ ẹ kọ jáde lọ́dún 2000, A Stitch in Time, lẹ́tà ni láti òkè délẹ̀, lẹ́tà gígùn tí télọ̀ kan kọ sí dókítà ọ̀rẹ́ ẹ̀, bí wọ́n bá dẹ̀ kọ lẹ́tà síni ó yẹ kéèyàn dá a lóhùn. Mo fi tèmi sí gbangba torí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kan gbogbo àwa tá a ti ń bá ara wa fa ìwé yìí láti ọjọ́ pípẹ́, àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀ bí ẹyinjú àtàwọn tó ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju orúkọ òṣèré tó wà lára èèpo ẹ̀ lọ.

Kí n tètè ṣàlàyé fún ẹni tó bá ṣèèṣì ka èyí tí ò mọ ibi tọ́rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Star Trek: Deep Space Nine bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà lọ́dún 1993, ó parí lọ́dún 1999. Ibùdó ńlá kan ló wà lójú òfúrufú, àwọn ará Cardassia, ìran kan láti ayé mìíràn, ló ni ín tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó kó ẹrù wọn kúrò, ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn ló ṣẹ́ kù síbẹ̀, Elim Garak, ó ń ránṣọ fáwọn èèyàn tó kórìíra ìran ẹ̀. Gbogbo ayé mọ̀ pé amí ni, òun náà á máa rẹ́rìn-ín, á ní télọ̀ pẹ́ńpẹ́ lòun. Ẹ̀yin lẹ ṣe Garak. Àlejò lẹ jẹ́ nínú eré yẹn o, ẹ ò sí lára àwọn tí orúkọ wọn máa ń jáde ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ kàn ń wá ń lọ ni, síbẹ̀ ẹ̀yin làwọn èèyàn ń dúró dè.

Mi ò lè gbàgbé ìgbà àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ yọjú. Bashir, dókítà ibùdó yẹn, jókòó jẹ́ẹ́jẹ́ ẹ̀ nídìí tábìlì, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ò tíì rí ayé, ẹ wá bá a níbẹ̀ ẹ bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, nígbà tẹ́ ẹ máa lọ ẹ gba ẹ̀yìn ẹ̀, ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì lé e léjìká, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yẹn pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀ ju bó ṣe yẹ kọ́wọ́ àlejò pẹ́ lára ẹni lọ. Ọmọkùnrin yẹn ò mọ ibi tó máa fojú sí mọ́. Ẹ ò dẹ̀ tíì halẹ̀ mọ́ ọn, ẹ ò tíì tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ̀, ọwọ́ lásán ni. Ọwọ́ yìí ni mo fẹ́ ká fi sọ́kàn, torí òun ló jẹ́ kí n mọ ohun tí mo fẹ́ sọ nípa ìwé yín.

Ohun tí ọ̀pọ̀ òǹkàwé máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé àwọn ń gbọ́ ohùn yín níbẹ̀. Wọ́n á ní táwọn bá ti ṣí ìwé náà, Garak ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nìyẹn, bó ṣe máa ń fa ọ̀rọ̀ gùn, bó ṣe máa ń pe Bashir ní dókítà bíi pé orúkọ tí ìyá ẹ̀ sọ ọ́ nìyẹn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo rò pé ìyìn yẹn kéré, torí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kọ tó jókòó wo eré náà dáadáa lè sín ohùn yẹn jẹ fún ojú ìwé mẹ́wàá, ogún. Ohùn nìkan ò lè gbé odindi ìwé. Ohun tí èmi rí tí mo fi mọ̀ pé òṣèré ló kọ ọ́, ọwọ́ ni. Ìwé yín ò lè wà níbì kan kó má sọ fún wa ohun tí ọwọ́ Garak ń ṣe níbẹ̀. Ọwọ́ tó ń ránṣọ la mọ̀ ní tẹlifíṣọ̀n, ẹ wá mú wa padà sí kékeré ẹ̀, ẹ fi Tolan hàn wá, ọkùnrin tí Garak ń pè ní bàbá, tó ń tọ́jú ọgbà, tó ń gbin òdòdó orkid Edosia, ọmọ yẹn ń ki ọwọ́ bọ ilẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀. Lẹ́yìn ogun tó ba Cardassia jẹ́ wàyí, ọwọ́ kan náà ló ń kó àwókù ilé. Láti aṣọ dé erùpẹ̀ dé àwókù, ọwọ́ kan náà ni. Òǹkọ̀wé mìíràn á kọ́kọ́ ronú nípa ohun tí Garak gbà gbọ́, ẹ̀yin kọ́kọ́ ronú nípa ohun tó dì mọ́wọ́, iṣẹ́ òṣèré nìyẹn, ara lẹ fi ń mọ ènìyàn kẹ́ ẹ tó mọ̀ ọ́n lọ́kàn.

Ẹ sì wò ó, tani nínú wa ló rò pé olùtọ́jú ọgbà ló tọ́ Garak dàgbà? Enabran Tain la mọ̀, ọ̀gá àwọn amí, Obsidian Order, bàbá tó bí i gan-an tí ò jẹ́ kó pe òun ní bàbá. Lọ́dún 1997 a rí i tí Tain ń kú lọ nínú túbú, tí Garak ń bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣáà gba òun lọ́mọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Orí ìrora yẹn ni gbogbo wa wà. Ẹ̀yin lẹ bi ara yín pé ta wá ló ń fún ọmọ yẹn lóúnjẹ, ta ló ń mú un lọ́wọ́ rìn, ẹ dẹ̀ wá ẹni tó jẹ́ onírẹ̀lẹ̀ jù lọ nínú gbogbo ìlú sí i. Mila ìyá ẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ ilé fún Tain, Tolan ń tọ́jú òdòdó, amí tó le jù ní Cardassia jáde láti àárín àwọn méjèèjì. Ọkàn mi ṣì máa ń gbé sókè tí mo bá débẹ̀.

Àwọn kan á ní òṣèré kì í kọ̀wé, wọ́n kàn ń fi orúkọ wọn tajà ni, ẹlòmíràn ló ń bá wọn kọ ọ́. Mi ò lè dá wọn lẹ́bi tán, torí bó ṣe sábà máa ń rí nìyẹn nínú Star Trek, wọn ò dẹ̀ fi bò. William Shatner gbé The Ashes of Eden jáde lọ́dún 1995, Judith àti Garfield Reeves-Stevens ló bá a kọ ọ́. Lọ́dún 1999 Armin Shimerman tó ṣe Quark nínú eré yín gbé The 34th Rule jáde pẹ̀lú David R. George III, John de Lancie gbé I, Q jáde pẹ̀lú Peter David. Ìwé gidi làwọn náà kọ, kò sí ìtìjú kankan nínú kéèyàn ní alábàákọ. Àmọ́ ẹ̀yin nìkan lẹ kọ tiyín. Ẹ̀yin fúnra yín dẹ̀ ti sọ ọ́ pé kò bẹ̀rẹ̀ bí ìwé rárá, pé dáyárì ni, ẹ̀ ń kọ ọ́ lórúkọ Garak, ẹ̀ ń kà á fáwọn fáànù tẹ́ ẹ bá lọ síbi ìpàdé wọn, ibẹ̀ ló ti di ìwé. Ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ fi wọ bàtà Garak, pẹ̀lú gbogbo rọ́bà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ yín lójú àti lọ́rùn kẹ́ ẹ lè jọ ará Cardassia, ìwé yẹn ni àkọsílẹ̀ gbogbo ibi tó ti ta yín.

Ẹ̀sùn kejì ni pé ìwé náà ń falẹ̀, pé ó ń fò káàkiri, ìgbà ọmọdé, ìgbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n lọ kọlu Cardassia, ìgbà tí ogun ti parí, gbogbo ẹ̀ dà pọ̀. Mo ní láti jẹ́wọ́ pé ìgbà tí mo kọ́kọ́ kà á, èmi náà máa ń padà sẹ́yìn láti mọ ọdún tá a wà. Ìgbà tí mo kà á lẹ́ẹ̀kejì ni mo tó rí i pé bí ẹni tó ń kó àwókù ṣe máa ń rántí nǹkan nìyẹn. Ẹ wo ipò tí Garak wà tó fi ń kọ lẹ́tà yẹn. Eré náà parí lọ́dún 1999 pẹ̀lú pé 800 mílíọ̀nù ènìyàn ti kú ní Cardassia. Wọ́n lé e nílùú fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun kan ṣoṣo tó ń fẹ́ ni kó padà sílé, ó wá padà sílé, ilé ò sí mọ́. Nínú ìwé yín inú ahéré tí Tolan ń kó irinṣẹ́ ọgbà sí ló ń gbé, ẹ̀yìn ilé Tain tó ti wó lulẹ̀. Tó bá jí láàárọ̀ á bá àwọn tó ń hú òkú lábẹ́ àwókù ṣiṣẹ́, tó bá padà dé á máa to òkúta ilé Tain léra wọn, kò mọ ohun tó ń tò ní ìbẹ̀rẹ̀, ó kàn ń tò ó. Ló bá di pé àwọn aládùúgbò ń yà síbẹ̀, wọ́n ń dúró, wọ́n ń sunkún òkú wọn níbẹ̀. Ibi tí ọ̀gá amí ti ń gbé ló di ibi ọ̀fọ̀. Garak ò ṣètò ẹ̀ o, àwọn èèyàn ló fẹsẹ̀ ara wọn wá. Ẹni tó bá ń gbé òkúta kan lẹ́yìn òkúta kan báyìí, báwo ló ṣe máa sọ ìtàn ẹ̀ ní ìlà tààrà? Tó bá gbé ọ̀kan á rántí ilé ẹ̀kọ́, tó bá gbé òmíràn á rántí ìsọ̀ ìránṣọ. Tẹ́ ẹ bá tò ó lọ́kọ̀ọ̀kan láti ọjọ́ tí wọ́n bí i títí dé ọjọ́ òní, irọ́ lẹ ì bá pa fún wa.

Irọ́ ni mo mẹ́nu bà yẹn, torí òun ló wà nídìí ẹ̀sùn tó ń dùn mí jù. Àwọn kan ní kò yẹ kẹ́ ẹ sọ àṣírí Garak rárá, pé adùn ẹ̀ wà nínú pé a ò mọ̀. Wọ́n á tọ́ka sí ìpín eré tọdún 1994 yẹn, The Wire, tí nǹkan tí wọ́n rì sí i lórí bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, tó ń kú lọ, tó wá ń sọ fún Bashir ìdí tí wọ́n fi lé e nílùú, ó sọ ọ́ lọ́nà mẹ́ta, kò sí èyí tó bá ìkejì mu, ọ̀rẹ́ kan tó ń jẹ́ Elim ló dẹ̀ ń dárúkọ níbẹ̀, ìgbẹ̀yìn la wá gbọ́ pé Elim yẹn, òun fúnra ẹ̀ ni. Ó da jìnnìjìnnì bò mí nígbà yẹn, ó ṣì ń dà á bò mí. Ìyẹn ni wọ́n fi ń sọ pé ìdáhùn tó wà nínú ìwé yín kéré sí àdììtú yẹn, pé ọ̀rọ̀ obìnrin àti owú ni ó kàn já sí.

Àwọn baba wa ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Nínú ìwé yín, òtítọ́ ò lé Garak bá. Kò sẹ́ni tó ń fi ìyà jẹ ẹ́, kò sẹ́ni tó ń bi í léèrè mọ́, àwọn tó lè bi í ti kú tán. Òun ló dúró de òtítọ́, ó jókòó nínú ahéré ó ń kọ ọ́ jáde fún ẹnì kan ṣoṣo tó ti parọ́ fún jù. Ọ̀rọ̀ ẹni tó pinnu láti dẹ́kun irọ́ ni, kò dẹ̀ dá a lójú bóyá ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ìdí ọ̀rọ̀ lè kéré, ìdí tí ayé èèyàn fi máa ń dàrú kì í fìgbà gbogbo tóbi. Èyí tó tóbi níbẹ̀ ni pé ó sọ ọ́. Kí àwọn tó bá fẹ́ àdììtú má sì bínú o, lẹ́tà tí òpùrọ́ kọ ṣì ni ẹ̀rí kan ṣoṣo tá a ní.

Níbo ni mo wà ná? Bẹ́ẹ̀ ni, Bamarren, ilé ẹ̀kọ́ tí Garak lọ nígbà èwe ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ burúkú nípa apá yẹn, èmi náà ò ní. Wọ́n gba orúkọ lọ́wọ́ àwọn ọmọ yẹn, wọ́n fún wọn ní nọ́ńbà àti orúkọ ẹgbẹ́, Garak di Mẹ́wàá Lubak. Ìgbà tí wọ́n lé wọn sínú aginjù láti lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń sá pamọ́, ó rí ẹranko kékeré kan tó dà bí alángbá, regnar, tó máa ń dà bí ohunkóhun tó bá dúró tì, á wà níwájú ẹ o ò ní rí i. Ó ń wò ó, kò mira, òun náà ò mira. Ó sọ ọ́ ní Mila, orúkọ ìyá ẹ̀. Gbogbo ẹ̀kọ́ tó sọ ọ́ di amí, ọ̀dọ̀ ẹranko kékeré yẹn ló ti kọ́ ọ, orúkọ ìyá tó ń tọ́jú ilé láìsẹ́ni tó ń wò ó ló dẹ̀ fún un. Mo ka ojú ìwé yẹn lọ́gànjọ́, mo pa ìwé dé, mi ò lè tẹ̀ síwájú mọ́ lóru yẹn.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, ibì kan wà tí mo ti gbà pẹ̀lú àwọn tó ń ṣàríwísí. Palandine ni. Ẹ fẹ́ ká gbà pé obìnrin yìí ló gba ọkàn Garak fún gbogbo ọjọ́ ayé ẹ̀, ó fẹ́ Barkan Lokar, ó bímọ, ìyà jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ojú Garak nìkan la fi ń rí i, a ò mọ ohun tí òun alára ń rò tó bá ku òun nìkan. Tolan sọ̀rọ̀ díẹ̀ a mọ̀ ọ́n, Palandine sọ̀rọ̀ púpọ̀ a ò mọ̀ ọ́n. Ẹ máa ní Garak ló ń kọ lẹ́tà, ohun tí kò rí kò lè kọ ọ́, mo gbà, ṣùgbọ́n ẹ rí ọ̀nà tẹ́ ẹ fi jẹ́ ká mọ Mila ju bí Garak ṣe mọ̀ ọ́n lọ.

Ọ̀rọ̀ Palandine yìí náà ló ń bí àwọn kan nínú torí ẹ̀yin fúnra yín ti sọ ní gbangba pé ọkàn Garak fà sí Bashir láti ìgbà tó ti rí i, pé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe gbé e látìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń bi yín pé kí ló dé tí ìwé wá jẹ́ ìtàn òun àti obìnrin. Èmi rò pé wọn ò wo èèpo lẹ́tà dáadáa. Ta ló kọ ọ́ sí? Èèyàn kì í jókòó sáàárín òkú ìlú ẹ̀ kó kọ gbogbo ayé ẹ̀ pátá sí ẹni tí ò jẹ́ nǹkan kan fún un.

Àwọn tó ní ìwé ò kà torí ohun tó bá wà lórí tẹlifíṣọ̀n nìkan ló ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ nínú Star Trek, mi ò ní bá wọn fà á pẹ́. Òfin wọn nìyẹn, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n Una McCormack mú ohun tẹ́ ẹ gbìn, ó ń bá a lọ nínú àwọn ìwé tiẹ̀, Dókítà Parmak yẹn tí Garak fìtínà nígbà kan rí tí wọ́n wá di ọ̀rẹ́ lẹ́yìn ogun, ó wà nínú Enigma Tales tó jáde lọ́dún 2017. Ohun tí ò kà kì í so èso báyẹn.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni ìwé náà fi wọ́n bí ojú, ẹni tó bá ní ẹ̀dà kan á tọ́jú ẹ̀ bí ẹyin. Lọ́dún 2023 la wá gbọ́ pé ẹ ti kà á síta bí ìwé àtẹ́tísí, ẹ̀yin fúnra yín, ẹ ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Mo ti ka ìwé yẹn tó ìgbà mélòó kan kí n tó gbọ́ ọ, mo rò pé mo mọ gbogbo ẹ̀. Mi ò mọ̀ ọ́n. Ohùn yín ti wúwo sí i, ibi tí mo máa ń kà kíákíá, ẹ̀ ń dúró níbẹ̀, pàápàá níbi tí Tolan bá ti ń sọ̀rọ̀, ẹ ò yí ohùn yín padà púpọ̀ fún un, ẹ kàn rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ohùn bàbá tó ń rántí bàbá ni.

Ìdí ẹ̀ nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé yìí. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, dáyárì yẹn gan-an tẹ́ ẹ kọ nígbà tẹ́ ẹ ṣì ń ṣeré náà, kó tó di ìwé, kí olóòtú tó fọwọ́ kàn án, tó bá ṣì wà níbì kan nínú àpótí, ẹ jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Mi ò ní kẹ́ ẹ tún un ṣe, mi ò ní kẹ́ ẹ fi kún un. Mo fẹ́ rí èyí tẹ́ ẹ fagi lé àtèyí tẹ́ ẹ kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, mo fẹ́ mọ ọjọ́ tí Tolan kọ́kọ́ wọlé, bóyá inú yàrá tí wọ́n ti ń lẹ rọ́bà mọ́ yín lójú ni, bóyá ilé ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ̀tọ́ ìwé náà náà, tí lẹ́tà yìí bá dọ́dọ̀ yín, ẹ bi bàbá yìí léèrè nígbà tó ṣì lè dáhùn.

Ẹ kú ìnáwó ọkàn o, sà.

Òǹkàwé yín kan